Ìṣẹ́jú Àáyá Àkọ́kọ́ Nínú Fídíò

Ká ní obìnrin kan ní Wásinmi tàbí Ìkirè, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, fẹ́ fi fídíò polówó dòdò Ìkirè. Bó bá fi ẹ káàárọ̀, ẹ káàbọ̀, ẹ bá wa tẹ bọ́tìnnì bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ á ti fi ìka gbá a kọjá kí wọ́n tó mọ ohun tó ń tà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rọ̀ la kọ́kọ́ rí, tí ọwọ́ ń po ata àti iyọ̀ mọ́ ọn, tó wá ń hó ṣàà nínú epo pupa títí tó fi dúdú, ẹni tí ebi ń pa á dúró. Lójú tèmi, ìlérí ni ìbẹ̀rẹ̀ fídíò. Kó tètè fi ohun tó gbé wá hàn wá, kó sì mú un ṣẹ.

Àwọn tó ni àwọn ìkànnì tí à ń gbé fídíò sí ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Láti 2010 ni YouTube ti ń jẹ́ ká fo àwọn ìpolówó kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 5, ó sì máa ń fi iye èrò tó kù ní ìṣẹ́jú àáyá 30 han ẹni tó ni fídíò. Fún ọdún púpọ̀, ìṣẹ́jú àáyá 3 ni Facebook fi ń ka ẹnì kan mọ́ àwọn tó wo fídíò. Nílẹ̀ wa, owó tún wà níbẹ̀: ní oṣù kìn-ín-ní 2025, àjọ NCC, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, gbà kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdá 50 nínú 100 kún owó tí wọ́n ń gbà. Bí ìkíni bá ti gùn jù, dátà tí ẹlòmíràn fowó rà là ń jẹ.

Àwọn kan á ní ọmọ Yorùbá kì í wọlé láìkí ará ilé, pé ìjúbà ló ń ṣáájú eré. Òótọ́ ni. Hubert Ogunde, tó dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, máa ń fi orin àti ijó ṣí eré kí ìtàn gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èrò Ogunde ti sanwó, wọ́n ti jókòó, ijó yẹn fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ohun àwòpadàwò. Ẹni tó mú fóònù lọ́wọ́ kò tíì jókòó tì wá. Kò sẹ́ni tó ní ká má kí i; ká jẹ́ kó rí nǹkan ná, ká tó kí i. Ẹ wo Ikorodu Bois, àwọn ọmọdé tí wọ́n fi ohun èlò inú ilé sín ìpolówó fíìmù Extraction jẹ ní 2020: ẹ̀ẹ̀kan téèyàn bá ti fojú kàn án ló ti yé e, àwọn tó ṣe fíìmù náà gan-an sì kan sáárá sí wọn.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù ni pé irú ìbẹ̀rẹ̀ tó ń tètè fa ojú yìí ń kọ́ni ní irọ́ pípa: ká fi ìjà ṣí fídíò tí kò níjà nínú. Mo kórìíra àṣà yẹn púpọ̀. Ṣùgbọ́n láti 2012 ni YouTube ti ń ka àkókò téèyàn fi wo fídíò sí ju iye ẹni tó kàn tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹni tó bá purọ́ á rí i lórí àwòrán ìlà tí YouTube fi ń han ẹni tó ni fídíò bí èrò ṣe ń dín kù: ibi tí irọ́ ti hàn gan-an ni ìlà náà ti já wálẹ̀.