Ẹrù Ẹni Tí Yóò Gun Òkè Kilimanjaro

Nígbà tí àwa mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ gun òkè Kilimanjaro ní Tansaníà, aṣọ òwú ni ó dalẹ̀ wa. Òwú a máa fa òógùn mu, kì í sì í tètè gbẹ; bí afẹ́fẹ́ òru bá fẹ́ lù ú, òtútù yóò wọ egungun. Ọ̀kan nínú wa gbọ̀n títí ó fi padà kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń múra àtilọ, ẹ jẹ́ kí ẹ̀wù tí yóò kan ara rẹ̀ jẹ́ ti irun àgùntàn. Kí èyí tí ó nípọn wà lórí rẹ̀, kí ẹ̀wù òjò sì bo gbogbo rẹ̀.

Mítà 5,895 ni òkè náà ga, òru ni a sì sábà máa ń gun apá ìkẹyìn rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì tí a ń dè mọ́ iwájú orí kò ṣeé fi sílẹ̀. Àyà ni kí a tọ́jú bátìrì rẹ̀ sí, nítorí òtútù a máa gba agbára rẹ̀. Ẹ dorí ìgò omi kodò nínú àpò: òkè omi ni yìnyín ti ń kọ́kọ́ dì, ẹnu ìgò kò sì ní tètè dí. Bàtà tí ẹsẹ̀ ti mọ̀ ni kí ó wọ̀. (Ti tuntun, kí ó fi ṣe ọdún Àjíǹde.)

Kìlógíráàmù 20 ni òfin ibẹ̀ gbà kí alábàárù kan gbé. Ọ̀rá ìrajà ńkọ́? Wọ́n ti fòfin dè é láti ọdún 2019. Àpò aṣọ ni kí ẹ lò.

A kó oògùn orí fífọ́ dání, ṣùgbọ́n bí orí bá ń fọ́ni, tí èébì ń gbéni, tí ẹsẹ̀ sì ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, kí ó sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, iye owó yòówù kí ẹ ti san.