Èwo ló jìnnà jù, Jẹ́dà àbí Lọ́ńdọ̀nù?

Ẹ̀yin èèyàn mi, láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ òkè òkun ò kúrò lẹ́nu aráàlú. Alálàájì ń múra Mẹ́kà, ẹni tó fẹ́ jápa ń tọ́jú owó. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí rèé: láàárín Jẹ́dà àti Lọ́ńdọ̀nù, èwo ló jìnnà jù?

Ayé rí róbótó, kò tẹ́ pẹrẹsẹ bíi máàpù ara ògiri. Ẹ mú ọsàn kan, ẹ fi bíírò tọ́ ojú méjì sí i lára, kẹ́ ẹ wá na òwú láti ojú kan dé èkejì, kó le dáadáa. Ibi tí òwú yẹn gbà ni ọ̀nà tó kúrú jù, òun náà sì ni wọ́n fi ń wọn ìrìn bàálù.

Tá a bá wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀ láti Ìkẹjà, Jẹ́dà tó nǹkan bíi 4,200 kìlómítà, Lọ́ńdọ̀nù tó 5,000. Lọ́ńdọ̀nù ló jìnnà jù. Bàálù ńlá lè sá tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan, àmọ́ kì í sáré tó bẹ́ẹ̀ tó bá ń gbéra tàbí tó bá ń sọ̀kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń gbà tó wákàtí mẹ́fà àbọ̀ kó tó dé Lọ́ńdọ̀nù.

Ṣùgbọ́n ìlú kì í kúrò níbi tó wà, ọ̀nà tí bàálù ń gbà ló ń yí padà. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 2023, àwọn ológun tó gbàjọba ní Niger ti òfuurufú wọn pa. Orí Niger sì ni ọ̀nà tààrà láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù gbà kọjá. Àwọn bàálù ní láti yí i ká, epo ń jó sí i, wákàtí ń gùn sí i, títí wọ́n fi ṣí i lọ́jọ́ 4 oṣù kẹsàn-án.

Bọ́rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì náà ṣe rí nìyẹn. Èyí tó gba Doha lè dín lówó, àmọ́ Èkó sí Doha tó 5,500 kìlómítà, Doha sí Lọ́ńdọ̀nù tún tó 5,200. Ó ju ìlọ́po méjì ọ̀nà tààrà lọ, a ò tíì ka àsìkò tẹ́ ẹ máa fi dúró de bàálù kejì. Tí iléèwé tàbí ibi iṣẹ́ bá ti dá ọjọ́ fún yín, ẹ bi ajẹ́ńtì yín kẹ́ ẹ tó sanwó: ibo la máa gbà? Wákàtí mélòó ni gbogbo ẹ̀?

Ẹ rántí pé aago ìlú kọ̀ọ̀kan ló wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Lásìkò òtútù, aago Lọ́ńdọ̀nù máa ń fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Lásìkò ooru, wọ́n jọ dọ́gba ni.

Èyí tó kẹ́yìn: Màpó sí Ìkẹjà ju 100 kìlómítà lọ, kò sì sí nínú tíkẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni. Ẹ tètè jáde nílé o, torí bàálù ò ní dúró de ẹni tó há sínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ.