Kí a tó ka owó fún ilé-iṣẹ́

Ní ọdún 2010, ẹkún sọ ní ọ̀pọ̀ ilé ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tí à ń pè ní ICC Services ti gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí ó lé ní 100,000. Ó ṣèlérí èlé tí báńkì kankan kì í san. Owó ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n fi ń san èlé fún ẹni tí ó ti dé tẹ́lẹ̀. Nígbà tí owó tuntun kò tó mọ́, gbogbo rẹ̀ dàrú. Ní oṣù keje ọdún náà, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé pàdánù ipò rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹjọ́ náà pẹ́. Ní ọdún 2018, ìjọba dá ilé-ẹjọ́ CRIET sílẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ owó àti ìpániláyà. Ní ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ yìí rán àwọn olórí ICC Services lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kò dá owó padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rí owó wọn gbà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àgbẹ̀ Kpankou, ní agbègbè Kétu. Bí wọ́n bá ta àgbàdo tán, owó wà lọ́wọ́, àkókò yẹn gan-an ni àjèjì máa ń wá pẹ̀lú ìlérí. Òfin sọ pé ilé-iṣẹ́ owó kékeré kò gbọdọ̀ gba ìpamọ́ owó lọ́wọ́ ará ìlú láìsí ìwé àṣẹ. Àwọn elédè Faransé ń pe ìwé náà ní agrément. Kí oníṣòwò tàbí àgbẹ̀ tó ka owó rẹ̀, ó lè ní kí wọ́n fi agrément hàn òun. Bí wọ́n bá ń sọ pé ó ń bọ̀ lọ́la, kí ó dá owó rẹ̀ padà sí àpò. (Àjọ tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń dá láàárín ara wọn yàtọ̀: wọ́n mọ ilé ara wọn.)

Àwọn mìíràn kì í fi owó pamọ́, wọ́n ń ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́. Onípìn-ín ni wọ́n. Àwọn náà ní òfin tí ó ń gbèjà wọn, òfin OHADA tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2014. Orílẹ̀-èdè 17 ni ó ń lò ó, Bẹ̀nẹ̀ wà nínú wọn. Jẹ́ kí a sọ pé àwọn ará Kpankou dá ilé-iṣẹ́ tí ń lọ àgbàdo sílẹ̀ pẹ̀lú mílíọ̀nù 10 fránkì. Olùdarí rẹ̀ kọ̀ láti ṣe àlàyé lórí bí ó ṣe ra ẹ̀rọ kan. Àwọn onípìn-ín tí owó wọn tó mílíọ̀nù 1, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá, lè para pọ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́. Wọn yóò ní kí adájọ́ yan ọ̀jọ̀gbọ́n tí yóò yẹ ìṣòwò náà wò. Bí olùdarí bá mọ̀ọ́mọ̀ ná owó ilé-iṣẹ́ fún ara rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni, ó lè fi í sẹ́wọ̀n.