Ọgbà Aláràbarà Láàárín Ìlú

Òdòdó dára, àmọ́ kì í pẹ́ rọ. Ṣé ẹ ti rò ó rí pé ewé náà lè ṣe iṣẹ́ òdòdó? Bí ẹ bá ń gba àwọn títì ńlá kọjá nílùú Accra, olú ìlú Ghánà, ẹ máa rí àwọn tó ń ta ohun ọ̀gbìn létí ọ̀nà. Inú ọ̀rá dúdú ni wọ́n ń gbìn wọ́n sí. Ewé àwọn kan pọ́n bí epo, ti àwọn míì ní àwọ̀ ìyeyè, àwọn míì sì ní àmì funfun tóótòòtó. Irú àwọn ewé yìí kì í dúró de àsìkò kankan kí wọ́n tó rẹwà. Láti January dé December ni wọ́n ń ṣe ojú lóge.

Ibi tí àwọ̀ náà ti ń wá

Èròjà kan tó ń jẹ́ chlorophyll ló ń mú kí ewé ní àwọ̀ tútù. Òun ló ń gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn kí ewé lè fi ṣe oúnjẹ fún igi. Nínú àwọn ewé kan, èròjà pupa tàbí èròjà ìyeyè pọ̀ débi pé ó bo àwọ̀ tútù náà mọ́lẹ̀. Àmọ́ ibi tó bá funfun lára ewé kò ní chlorophyll, kò sì lè ṣe oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí igi tí ewé rẹ̀ ní funfun púpọ̀ kì í fi í tètè dàgbà. Bí ẹ bá rí ẹ̀ka kan lára rẹ̀ tí gbogbo ewé rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ tútù, ẹ tètè gé e láti ìdí. Ó lágbára ju àwọn yòókù lọ, tẹ́ ẹ bá sì fi í sílẹ̀, ó máa gba gbogbo igi náà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Èwo ni kí ẹ gbìn?

Croton ló gbajúmọ̀ jù. Àwọn erékùṣù gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà àti ti òkun Pàsífíìkì ló ti wá. Ojúu oòrùn ni kí ẹ gbìn ín sí, torí pé abẹ́ òjìji máa ń pa àwọ̀ rẹ̀ rẹ́. Acalypha, tí ewé rẹ̀ pọ́n bíi bàbà, náà fẹ́ràn oòrùn, ó sì dára láti fi ṣọgbà yí ilé ká.

Kì í ṣe òkè òkun nìkan ni ẹwà ti ń wá o. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwa Yorùbá ti ń fi pèrègún pààlà ilẹ̀. Irú rẹ̀ kan wà tí ìlà ìyeyè gba àárín ewé rẹ̀ kọjá, ọ̀pọ̀ àwọn ará Yúróòpù ló sì ń gbé e sínú pálọ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ti ṣẹ̀, ó sì lè fara da òjìji. Igi míì tún wà tó jẹ́ ti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, Mussaenda. Àwọn olọ́gbà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní Ashanti Blood, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ àwọn Ashanti. Ohun pupa gbàgàdà tó dà bí ewé lára rẹ̀ kì í ṣe òdòdó gan-an. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó sì wà láàárín.

Tó bá jẹ́ igi ńlá lẹ fẹ́, ẹ ronú dáadáa. Ewé fúrúùtù máa ń pọ́n bí iná kó tó wọ́ dà nù, àmọ́ igi náà máa ń ga, ó sì máa ń fẹ̀ gan-an. Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pa ẹ̀ka ìrókò. Bí àyè yín ò bá fẹ̀, ẹ má gbìn ín sí tòsí ògiri. Ẹ lè wá ìbátan rẹ̀ tó ti Madagascar wá, èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ tò léra bí agboòrùn. Irú rẹ̀ kan wà tí etí ewé rẹ̀ funfun.

Òjò kò pọ̀ ní Accra

Bí Accra ṣe wà létí òkun tó, òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kò ju nǹkan bí 800 mìlímítà lọ. Ti Èkó tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Kódà, Tamale tó wà ní àríwá Ghánà ń rí òjò jù ú lọ. Torí náà, ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ní April tàbí May, ló dára jù láti gbin nǹkan, kí gbòǹgbò rẹ̀ lè múlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ fi ewé gbígbẹ tàbí èèpo àgbọn bo ìdí rẹ̀ kí omi má bàa tètè gbẹ. Ní Accra, èèpo àgbọn kì í wọ́n níbi tí wọ́n ti ń ta àgbọn tútù. Àárọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa bomi rin ín.

Àǹfààní tó ju ẹwà lọ

Ní June 3, 2015, omi yalé ní Accra, ilé epo kan sì gbaná nítòsí Kwame Nkrumah Circle. Ó lé ní 150 èèyàn tó kú. Ohun tó ń fa àkúnya omi pọ̀, irú bíi gọ́tà tí ìdọ̀tí dí àti ilé tí wọ́n kọ́ sójú omi. Àmọ́ kọnkéré tá à ń fi bo gbogbo àgbàlá náà ń dá kún un, torí pé òjò ò ríbi wọlẹ̀. Igi díẹ̀ ò lè dá omíyalé dúró, ṣùgbọ́n ibi tí ilẹ̀ bá ti ṣí sílẹ̀, omi á ríbi gbà. Ara á sì tún tu àwọn ará ilé lọ́sàn-án.

Ayálégbé ńkọ́? Ike ọ̀dà tàbí garawa tó ti jò tó ohun tá a lè gbin croton sí. Ẹ dá ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí omi dúró sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ̀fọn má bàa sọ ibẹ̀ di ilé.

Bí ọmọdé bá wà nílé

Àwọn ewé tó rẹwà míì ní oró. Caladium, tí ewé rẹ̀ dà bíi ti kókò, àti dieffenbachia ní èròjà kan tó rí bí abẹ́rẹ́ kéékèèké. Bí ọmọ bá jẹ ẹ́, ẹnu àti ọ̀fun rẹ̀ lè wú. Ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, kí ẹ mú ewé náà dání, kẹ́ ẹ sì gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn. Oje croton máa ń mú kí ara yún èèyàn, ó sì máa ń ba aṣọ jẹ́. Ní ti igi euphorbia tí ewé rẹ̀ pọ́n dòò, oje rẹ̀ léwu gan-an fún ojú. Ibi tí ọwọ́ ọmọ ò ti lè tó wọn ni kí ẹ gbé wọn sí, tàbí kí ẹ má tiẹ̀ gbìn wọ́n rárá.

Ibi tí ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ mú àwọn ọmọ lọ síbi tí igi ti pọ̀ kí ẹ tó ra nǹkan kan. Ọgbà Aburi tí wọ́n ṣí ní 1890 wà lórí òkè Akuapem, kò sì jìnnà sí Accra. Ibẹ̀ wà lára ibi tí àwọn àgbẹ̀ ti rí irúgbìn kòkó gbà láyé àtijọ́. Bí ẹ bá ti mọ èyí tó wù yín, ẹ tọrọ ẹ̀ka acalypha tó gùn bíi bírò lọ́wọ́ aládùúgbò yín. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà nù, ẹ tì í bọ inú yẹ̀pẹ̀ tó ní iyanrìn, kí ẹ gbé e sábẹ́ òjìji, kẹ́ ẹ sì máa wọ́n omi sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ewé tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.