Ẹ Wo Inú Ife Náà Kí Ẹ Tó Gbé E

Kọ́kìtéèlì pípò ni mo fi ń jẹun. Láti Súrùlérè dé Lẹ́kkí, níbi tí òwàmbẹ̀ bá ti ń lọ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó rí irú wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gbọ̀ngàn, tí a to ìgò, yìnyín àti ọsàn wẹ́wẹ́ sórí tábìlì. Èmi náà kì í sì í fi ohun tí mò ń jẹ ṣeré. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹja tútù, ẹ̀wà, ọkà bàbà àti èso ló kún ilé ìdáná mi. Ohun inú agolo àti ohun tí wọ́n fi ṣúgà rẹ́ kì í wọ ibẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà fi máa ń ká mi lára. Arábìnrin kan á dé, á ní, "Àǹtí, ẹ kúuṣẹ́ o. Mi ò jẹ búrẹ́dì mọ́, ìrẹsì tí wọ́n gbé wá fún mi gan-an, mo ní kí wọ́n gbé e padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi po aláwọ̀ pupa yẹn, méjì."

Ohun tó wà nínú aláwọ̀ pupa yẹn rèé: ọtí líle mílílítà 50, ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀, omi ṣúgà aláwọ̀ mílílítà 30, ká tó wá fi ẹlẹ́rìndòdò kún un dé ẹnu. Bí a bá fi ṣúgà àti omi ọgbọọgba se omi ṣúgà yẹn, ṣúgà bíi gíráàmù 18 ló wà nínú mílílítà 30 rẹ̀, ó ju ṣíbí kékeré mẹ́rin lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ má kọjá bíi gíráàmù 50 lóòjọ́ fún ẹni tó ń jẹ oúnjẹ kálórì 2,000, pé bí ó bá lè wà lábẹ́ 25, ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ife méjì ti fo 25 kọjá, a ò tíì ka ẹlẹ́rìndòdò mọ́ ọn. Àjọ náà ka oyin àti omi èso tí a fún mọ́ ṣúgà yìí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí n fi oyin rọ́pò, ojú kan náà ló ṣì wà. Chapman tí gbogbo ènìyàn ń fọkàn tán, Fanta àti Sprite ló pọ̀ jù nínú tiẹ̀.

Ọtí fúnra rẹ̀ ńkọ́? Gíráàmù kan rẹ̀ ń fún ara ní kálórì 7, nígbà tí ti ṣúgà jẹ́ 4, ti ọ̀rá sì jẹ́ 9. Jíìnì mílílítà 50 máa ń tó bíi kálórì 110, láìsí èròjà aṣaralóore kankan nínú rẹ̀. Ara kò sì ní ibi tó lè tọ́jú ọtí pa mọ́ sí. Ẹ̀dọ̀ ló máa kọjú sí i títí á fi tán, ọ̀rá tó yẹ kí ara máa lò lásìkò náà á sì dúró. Ẹ tún wo ẹni tó ti mu ife mẹ́ta: kò ní rántí mọ́ pé òun ti búra pé òun ò ní jẹ puff-puff mọ́.

Àwọn kan á ní emu ni tàwọn, pé ara ọ̀pẹ ló ti wá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹlẹ́mu tó gbé e sọ̀ kalẹ̀ pàápàá ni ṣúgà inú rẹ̀ ti ń di ọtí. Tàárọ̀ dùn, tìrọ̀lẹ́ kan, ẹ̀dọ̀ ló máa gbé ẹrù méjèèjì.

Èyí tí mò ń pò fún ara mi, ìṣápá pupa tí à ń fi ṣe sóbò ni ìdí rẹ̀. N ó ṣan ìṣápá gbígbẹ náà títí iyẹ̀pẹ̀ á fi kúrò, n ó da omi híhó lé e pẹ̀lú atalẹ̀ tí mo gún, kánáfùrù méjì mẹ́ta, àti èèpo ọ̀pẹ òyìnbó tí mo ti fọ̀ mọ́ tónítóní. Ó di ọjọ́ kejì kí n tó sẹ́ ẹ. N kì í fi ṣúgà sí i rárá. Òórùn èèpo yẹn tó ahọ́n. Ìdajì ife rẹ̀, jíìnì mílílítà 25, yìnyín, ọsàn wẹ́wẹ́ tí mo fún sí i, omi sódà lórí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju bíi kálórì 60 lọ. Ẹ má fi tóníìkì rọ́pò omi sódà o: kíkorò rẹ̀ ló ń bo ṣúgà inú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ni mo máa ń mu ún, nítorí oúnjẹ tó ti wà níkùn kì í jẹ́ kí ọtí sáré wọ ẹ̀jẹ̀. Ife kan péré ni, omi tútù ló kàn.

Mi ò ní torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe parọ́ fún yín. Láti ọdún 1988 ni IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, ti ka ọtí mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ ní kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí a lè pè ní aláìléwu. Ìwọ̀n kékeré kàn ń dín ewu kù ni. Aboyún, ẹni tó fẹ́ wakọ̀, ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń dà láàmú àti ẹni tó ń lo oògùn tí dókítà ní kò bá ọtí rẹ́, ti ìṣápá láìsí jíìnì ni kí wọ́n gbà.

Bí ẹ bá dé tábìlì wa lọ́jọ́ Sátidé, ẹ bi wá ní ohun tí a fẹ́ fi sí ife yín, kí ẹ sì ní ká dín omi ṣúgà kù sí ìdajì. A ó ṣe é, a ò sì ní gba kọ́bọ̀ lé e.