Wọ́n sanwó ẹrú, ẹrú kò rí kọ́bọ̀

Gbèsè kì í jẹrà, bó ti wù kó pẹ́ tó. Èsì rèé fún àwọn tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ òwò ẹrú ti di ìtàn.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin lọ́dún 1833 pé kí wọ́n tú àwọn ẹrú sílẹ̀ ní Kàríbíánì, 20 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ló yà sọ́tọ̀ fún owó gbà-má-bínú. Àwọn olówó ẹrú ló kó o fún! Àwọn tí wọ́n nà lẹ́gba, tí wọ́n tà bí ẹran, kò rí kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló tún ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún olówó wọn títí di 1838.

Ìjọba yá owó láti fi san án, ọdún 2015 ló sì tó san gbèsè náà tán. Ìyẹn ni pé àtọmọdọ́mọ ẹrú tó ń gbé ní Lọ́ńdọ́nù wà lára àwọn tó fi owó orí san án.

Olóògbé Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta, kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1992, òun ni alága ìgbìmọ̀ tí àjọ OAU gbé kalẹ̀ láti máa jà fún owó gbà-má-bínú. Lóṣù Kẹrin ọdún 1993, ìpàdé kan ní Àbújá ké sí gbogbo àgbáyé láti gbà pé wọ́n jẹ ọmọ Áfíríkà ní gbèsè.

Abíọ́lá kú sí àtìmọ́lé lọ́dún 1998, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kú. Àwọn orílẹ̀-èdè Kàríbíánì gbé ohun mẹ́wàá tí wọ́n ń bèèrè kalẹ̀ lọ́dún 2014. Àjọ AU náà sì fi ọdún 2025 sọrí rẹ̀.

Wọ́n ti san owó ẹrú rí. Ẹni tó ni ín ni wọn kò san án fún.