Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ahouna, ẹni tó ń ro ẹjọ́ ara rẹ̀

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ìlú tí ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè Benin wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ìwé ìtàn àròsọ *Un piège sans fin* kà. Olympe Bhêly-Quenum, ọmọ Ouidah, ló kọ ọ́. Ó jáde lọ́dún 1960.

Nínú ìwé náà, Anatou fẹ̀sùn àgbèrè kan ọkọ rẹ̀, Ahouna, láìnídìí. Darandaran tó mọ orin í kọ yìí bá filé sílẹ̀, ó sì pa obìnrin kan tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ahouna fúnra rẹ̀ ló sọ púpọ̀ nínú ìtàn náà fún Houénou, tó gbà á sílé. Ó sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe para rẹ̀ nígbà tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi iṣẹ́ àfipáṣe tẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ló dùn mí jù. Bí a bá ti gbọ́ ọ, ó ṣòro láti yára dá ọmọ náà lẹ́bi.